Ẹ Yẹ Ìwé Ilẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Ra Ilé Ìgbafẹ́ ní Ìlàṣẹ

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n fi ké sí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun.

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló tẹ̀ mí láago pé òun fẹ́ ra ilé ìgbafẹ́ ní Ìlàṣẹ, kí n bá òun lọ wò ó. Ilẹ̀ yanrìn gbọọrọ ni Ìlàṣẹ yìí, láàrin ọ̀sà àti òkun. Ọkọ̀ ojú omi la fi ń débẹ̀. Mo ti ìsọ̀ mi l'Ọ́yìngbò, mo lọ. Kí n má purọ́, ilé náà dára! Igi àgbọn yí i ká, wọ́n sì tún gbẹ́ adágún omi ìlúwẹ̀ẹ́ sẹ́yìn ilé, bí ẹni pé òkun tó wà níwájú kò tó wọn.

Ìwé ilẹ̀ ni mo béèrè. Rìsíìtì ẹbí onílẹ̀ ni ẹni tó ń tà á fà yọ. Mo ní, ìwé tí Gómìnà fọwọ́ sí ńkọ́? Ó ní, "Màmá, bí gbogbo wọn ṣe ń rà á níbí nìyẹn."

Ṣé òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ Gómìnà, àbí kò fi í síbẹ̀? Àwa ará Èkó kò gbàgbé Màrókò, tí ìjọba ológun fi katakata wó ní oṣù Keje ọdún 1990, tí àwọn èèyàn tí wọ́n fojú bù tó 300,000 di aláìnílé. Ní January 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé àwọn ará Tarkwa Bay, lápá Ìlàṣẹ yìí kan náà. Ẹ má sọ pé tálákà nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún: ní 2024, wọ́n wó etíkun Landmark ní Victoria Island, níbi táwọn olówó ti ń gbafẹ́, nítorí títì Èkó sí Calabar. Ọjà Ọ̀yìngbò kò mọ ẹni tí kò wá. Katakata náà kò ní mọ̀ pé Lọ́ńdọ̀nù ni onílé wà.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni àbúrò mi fi ṣiṣẹ́ òru nílé ìwòsàn kó tó rí owó yìí kó jọ. Mo ní kó gba lọ́yà tí yóò lọ yẹ ìwé náà wò ní Aláùsá, kí sọfíyọ̀ sì wò ó bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà. Ó ní ìlara ni mò ń ṣe. Ó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí kò gbé fóònù mi.

Bí ó bá rí ìwé yìí kà, kó mọ̀ pé kò tíì bọ́ sórí: owó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ìyá Oníṣòwò,
Ọ̀yìngbò, Èkó.