Ẹni Da Eérú L'Eérú Ń Tọ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Láílọ́ọ̀nù

Ẹ̀yin ìyálé ilé àti ẹ̀yin baálé, okun o! Bẹ́ẹ̀ ni àwa ará Kábbà ṣe ń kí ara wa. Ọ̀rọ̀ tí mo mú tọ̀ yín wá lọ́sẹ̀ yìí ni ti láílọ́ọ̀nù tí a fi ń di iyán, mọ́ínmọ́ín àti omi mímu.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a bá ti dáná sun láílọ́ọ̀nù, ó tán nìyẹn. Kò tán o. Nígbà tí ike bá ń jó, májèlé kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní dioxin lè bá èéfín rẹ̀ jáde. Ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ, ó sì lè pa ìdàgbàsókè ọmọdé lára. A máa balẹ̀ sórí koríko àti erùpẹ̀. Ewúrẹ́ àti adìẹ ẹ̀yìnkùlé a jẹ ẹ́ mọ́ oúnjẹ wọn, àwa náà a sì pa wọ́n jẹ. Ẹni da eérú l'eérú ń tọ̀. Ọmọ tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu kò wọ́n ní dìsípẹ́ńsárì wa, èéfín sì wà lára ohun tí ń fà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi láílọ́ọ̀nù ran iná ìdáná mọ́.

Èyí tí a kò sun ńkọ́? Kì í jẹrà bí ewé. Yóò dí gọ́tà, omi yóò sì dúró. Ike àti agolo tí òjò rọ sí nínú ni ẹ̀fọn tí ń gbé ibà pọ́njú kiri fẹ́ràn láti yé ẹyin sí.

Oúnjẹ gbígbóná náà ńkọ́? Ooru a máa mú kí díẹ̀ nínú èròjà tí a fi ṣe ike wọ inú oúnjẹ, pàápàá oúnjẹ tí epo wà nínú rẹ̀.

Rwanda fi òfin de àpò láílọ́ọ̀nù ní 2008, Kenya ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2017. Ní January 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé òun fi òfin de àwo fóòmù tí àwọn olóúnjẹ ń lò. Òfin dára, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ilé ìdáná wa ni ó yẹ kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀, kí a má dúró de ìjọba.

Mo mọ̀ pé olóúnjẹ yóò ní ewé wọ́n ju láílọ́ọ̀nù lọ. Òótọ́ ni. Nítorí náà, kí oníbàárà gbé abọ́ ọlọ́mọrí tirẹ̀ lọ ra iyán. Ẹ̀ẹ̀kan ni a ń ra abọ́. Èmi kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má mu píọ̀wọ́tà, nítorí omi ìdọ̀tí a máa tètè pani ju láílọ́ọ̀nù lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lè se omi rẹ̀ hó nílé, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó sì bù ú sínú ìgò mímọ́ fún àwọn ọmọ.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí ara ó le o.