Ìdádúró Ọmọ Ẹgbẹ́ Tuntun: Ohun tí Ó Yẹ Kí Apẹja àti Ẹlẹ́ja Wò Kí Wọ́n Tó Fowó Sẹ́gbẹ́

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ẹgbẹ́ tí àwọn tí iṣẹ́ tàbí àdúgbò pa pọ̀ dá sílẹ̀, tí wọ́n ń fi owó pamọ́ sínú rẹ̀ lóṣooṣù, tí wọ́n sì ń yá ara wọn lára owó náà pẹ̀lú èlé tí kò ga. Ní Máhìntẹ̀dó àti káàkiri àwọn ìletò etí omi Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì, àwọ̀n àti epo ti jẹ́ ohun èlò iṣẹ́ tí owó wọn kì í kéré, irú ẹgbẹ́ yìí, pẹ̀lú èsúsú àti àjọ, ni ọ̀pọ̀ apẹja àti àwọn obìnrin tí ń yan ẹja ń gbójú lé nígbà tí báńkì bá jìnnà, tàbí tí ó bá ń béèrè ohun ìdúró tí wọn kò ní. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń bá ìdádúró pàdé, èyíinì ni àkókò kan tí òfin ẹgbẹ́ là sílẹ̀, tí ó máa ń tó oṣù mẹ́fà ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, tí ọmọ ẹgbẹ́ tuntun yóò fi máa dá owó tirẹ̀ láìgba ẹ̀yáwó, tí kò ní lè ṣe onídùúró fún ẹlòmíràn, tí kò sì ní lè du ipò.

Àwọn kan gbà pé ìwọ̀sí ni ìdádúró yìí, pé àwọn àgbà ẹgbẹ́ ló fẹ́ máa dá jẹ. Kí ẹni tí ó bá rò bẹ́ẹ̀ ṣírò owó ná. Òfin ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni pé ọmọ ẹgbẹ́ lè yá ìlọ́po méjì ohun tí ó ti fi pamọ́, nítorí náà ẹni tí ó ní ₦100,000 lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ lè gba ₦200,000, ìyẹn sì ni pé ìdajì owó tí ó gbé lọ jẹ́ ti àwọn ẹlòmíràn, bóyá ti opó kan tí ń fi ẹja yíyan tọ́ ọmọ. Bí kò bá sí ìdádúró, ẹni tí kò sí ẹni tí ó mọ ibùgbé rẹ̀ lè kó ₦100,000 wá lónìí, kí ó gba ₦200,000 lọ́la, kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta má sì bá a nílùú. Kò sì sí ibi tí èyí ti rọrùn tó etí omi. Àwọn apẹja Ìlàjẹ kì í jókòó sójú kan: wọ́n ń tẹ̀ lé ẹja lọ sí Èkó, níbi tí Makókó àti Ìlàjẹ Bárígà ti jẹ́ ilé kejì fún wọn, wọ́n sì ń gba ojú omi dé Bẹ̀nẹ̀, Kamẹrúùnù àti Gàbọ́ọ̀nù. Ọkọ̀ tí ẹnì kan fi owó ẹgbẹ́ rà gan-an ni ó lè wọ̀ sá lọ. Ẹgbẹ́ tó bá ní kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ìwà ènìyàn kí wọ́n tó yá a lówó kò bú u.

Ọgbọ́n yìí kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé òfin ẹgbẹ́, nítorí ó ti wà nínú èsúsú láti ayébáyé. Nínú èsúsú, gbogbo ènìyàn ń dá iye kan náà, ẹnì kan sì ń kó gbogbo rẹ̀ lọ́sẹ̀ tàbí lóṣù títí yóò fi kárí, ohun tí ọ̀pọ̀ kò sì rò jinlẹ̀ ni pé ẹni tí ó kọ́kọ́ kó jẹ́ ajigbèsè gbogbo àwọn yòókù, nígbà tí ẹni tí ó kó kẹ́yìn jẹ́ ẹni tí ó yá gbogbo wọn lówó. Ìdí nìyí tí olórí èsúsú tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ fi máa ń to àwọn tuntun sẹ́yìn, kí wọ́n lè fi owó ara wọn jẹ́rìí ara wọn. William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí láàrin àwọn Yorùbá, gbé àlàyé èsúsú jáde fún àwọn onímọ̀ ní ọdún 1952, àṣà náà sì ti bá àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun tipẹ́, débi pé susu ni wọ́n ń pè é ní Trinidad títí dòní. Ó yani lẹ́nu díẹ̀ pé ẹni tí kò ní ráhùn bí wọ́n bá tò ó sẹ́yìn nínú èsúsú ni yóò máa bínú nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá ní kí ó fara balẹ̀.

Ní ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn ṣe òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fún Nàìjíríà, lẹ́yìn àbọ̀ ìwádìí tí C. F. Strickland kọ. Òfin tí ó wà lónìí, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1993, gba ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ tí ó bá ní ó kéré tán ènìyàn mẹ́wàá, ó fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìbò kan ṣoṣo bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó, ó sì fi ọ̀pọ̀ nǹkan, títí kan ìgbà tí ẹni tuntun lè gba ẹ̀yáwó, sílẹ̀ fún ìwé òfin tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ bá kọ. Irú ìdádúró yìí wà lókè òkun náà. Ní Bangladesh, báńkì Grameen tí Muhammad Yunus dá sílẹ̀ kò béèrè ohun ìdúró lọ́wọ́ àwọn òtòṣì, ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó máa ń kó wọn jọ ní márùn-ún márùn-ún, á kọ́kọ́ yá ẹni méjì, àwọn yòókù á sì máa wo bí àwọn méjì náà ti ń san án padà kí ó tó kàn wọ́n. Yunus àti báńkì náà ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ní ọdún 2006.

Ẹgbẹ́ tí kì í dá ẹnikẹ́ni dúró rárá ló yẹ kó máa ba ènìyàn lẹ́rù. Ètò sogúndogójì, níbi tí wọ́n ti ń fi owó ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé san èrè fún ẹni tí ó ti dé ṣáájú, kò lè wà láàyè láìsí ẹni tuntun, nítorí náà ni ó ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ gbayawu. MMM ti Sergei Mavrodi, ará Rọ́ṣíà, tí ó wọ Nàìjíríà ní ìparí ọdún 2015, ṣe ìlérí èrè ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù kan. Nígbà tí ó di oṣù kejìlá ọdún 2016, ó ti owó àwọn ènìyàn mọ́lẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, irú ètò bẹ́ẹ̀ mìíràn tí ń jẹ́ CBEX, tí ó ní owó yóò di ìlọ́po méjì láàrin ọgbọ̀n ọjọ́, dẹnu kọlẹ̀, wọ́n sì tún ní kí àwọn tí owó wọn há síbẹ̀ san ọgọ́rùn-ún dọ́là tàbí igba kí wọ́n tó lè rí nǹkan gbà. Àwọn ènìyàn Ìbàdàn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀, wọ́n sì kó ohun tí wọ́n bá níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ CBEX yìí fi hàn pé àwọn oníjìbìtì náà lè dá owó ènìyàn dúró, nítorí náà ó yẹ kí ènìyàn mọ èyí tí ó jẹ́ ojúlówó. Ìdádúró ojúlówó wà nínú ìwé kí ẹni tuntun tó san kọ́bọ̀, ọjọ́ tí yóò parí hàn gbangba, gbogbo ènìyàn ni ó kàn títí dé ọmọ alága, kò sì sí ẹni tí ń san owó kí wọ́n lè yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ní kí ènìyàn mú owó mìíràn wá kí wọ́n tó lè tú owó rẹ̀ sílẹ̀, kí ó gbà pé ọwọ́ olè ni owó náà wà, kí ó má sì fi òmíràn kún un.

Àwọn ẹgbẹ́ náà ní ẹjọ́ tiwọn láti jẹ́. Àwọn kan ti sọ ìdádúró di àṣà ìjẹgàba, wọn kì í jẹ́ kí ẹni tuntun béèrè ọ̀rọ̀ nípàdé, wọn kì í sì í fi ìwé ìṣírò hàn án, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ wà nínú ìṣírò náà láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ẹ̀yáwó ni ó tọ́ kí a dá dúró. Ẹnu ẹni tí ń dá owó kò sí lára ohun tí à ń dá dúró. Bákan náà, kò sí ewu fún ẹgbẹ́ bí ó bá gbà kí ẹni tuntun tí ìjì fa àwọ̀n rẹ̀ ya ní oṣù kẹta yá iye tí kò ju ohun tí ó ti fi pamọ́ lọ, nítorí owó ara rẹ̀ ni ó ń yá, bí ó bá sì sá lọ, kò gbé kọ́bọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ tí kò bá fi irú àyè yìí sílẹ̀ ń ti ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sí ọwọ́ olówó èlé gọbọi.

Fún ẹni tí ó ń múra láti wọ ẹgbẹ́, oṣù mẹ́fà náà kì í ṣe àkókò ìjókòó lásán. Bí ẹgbẹ́ ti ń wò ó ni kí òun náà máa wo ẹgbẹ́: ṣé orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ alájẹṣẹ́kù, ṣé akápò nìkan ni ó ń buwọ́ lùwé kí owó tó jáde ní báńkì, àbí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta, ṣé wọ́n ń ka iye owó tí ó wà lọ́wọ́ sétí ìgbọ́ gbogbo ènìyàn lóṣooṣù. Ẹni tí ó bá rí ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ní oṣù kejì lè gba owó ìfipamọ́ rẹ̀ padà, bí òfin ẹgbẹ́ bá ti là á sílẹ̀, kí gbèsè tó so ó mọ́ wọn.

Fún àwọn apẹja tí iṣẹ́ ń gbé kiri, nǹkan kan wà tí àwọn ẹgbẹ́ lè ṣe tí kò ní ná wọn lówó. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan ní Máhìntẹ̀dó bá ń kó lọ sí Ìlàjẹ Bárígà, kí akọ̀wé kọ lẹ́tà tí alága buwọ́ lù, tí yóò sọ iye ọdún tí ó lò, iye ìgbà tí ó yáwó àti bí ó ti san án padà, kí ẹgbẹ́ tí ó ń lọ bá sì jẹ́ kí lẹ́tà bẹ́ẹ̀ dín oṣù mẹ́fà kù sí méjì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pe akọ̀wé náà lórí fóònù láti rí i pé òótọ́ ni.