Ẹni Tí Wọn Kò Fún Lówó Ló Yẹ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Kọ́kọ́ Bá Sọ̀rọ̀

Ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ní àpò owó kékeré kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún olùwádìí tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde lọ bá aráàlú. Owó náà kì í pọ̀. Ẹgbẹ̀rún kan tàbí méjì pọ́n-ùn lèyí tó wọ́pọ̀, wọ́n sì ń ná an sórí gbọ̀ngàn tí wọ́n háyà, owó ọkọ̀ àwọn tó wá, ìpápánu, àti ayàwòrán tí yóò ya ìwádìí náà lọ́nà tí ọmọdé pàápàá á fi lóye rẹ̀. Bí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá ti pé ọdún mélòó kan, àwọn aláṣẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí owó yìí ti ṣe. Ìgbà yẹn ni ọ́fíìsì tó ń bójú tó o á wá akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ́ṣẹ́, wọ́n á ní kó yẹ ètò náà wò kó tó padà sídìí ìwé rẹ̀.

Irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣòroó rí. Láti ọdún 2012 ni BBSRC, ìgbìmọ̀ tó ń fi owó ìjọba ṣe agbátẹrù ìwádìí lórí ohun ẹlẹ́mìí, ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé lábẹ́ ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé kí wọ́n fi oṣù mẹ́ta ṣe iṣẹ́ tí kò tan mọ́ ìwádìí wọn. Àwọn kan ń lọ sí iléeṣẹ́ aládàáni, àwọn mìíràn kì í rìn jìnnà ju ọ́fíìsì yunifásítì lọ. Ẹni tó bá ti ṣe IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ níléeṣẹ́, ní Nàìjíríà lábẹ́ ètò SIWES, èyí tí àjọ ITF dá sílẹ̀ ní 1973, yóò tètè rí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti díjú: ọ̀gá tí ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ló ń buwọ́ lu lọ́gíbúùkù rẹ̀. Ọmọ wo ló máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé ètò ọ̀gá òun kò dára? Kò sí lọ́gíbúùkù ní Bristol tàbí London, ṣùgbọ́n ìwé ìjẹ́rìí tí ọ̀gá máa kọ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń wáṣẹ́ wà níbẹ̀.

Síbẹ̀, ìbẹ̀rù ọ̀gá kọ́ ló ń ba irú àyẹ̀wò yìí jẹ́ jù. Àwọn tí wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá sọ̀rọ̀ ni. Lọ́jọ́ tó bá dé, ìjábọ̀ àwọn tó gba owó ló máa kún inú fọ́lúdà tí wọ́n á gbé lé e lọ́wọ́. Àwọn yẹn náà ni yóò fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí, wọ́n á sì dáhùn pé inú àwọn dùn. Ta ló ń gba owó tán tí inú rẹ̀ kò ní dùn? Fọ́tò tí gbogbo èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín á wà níbẹ̀, iye àwọn tó wá á wà níbẹ̀, àyẹ̀wò parí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ìdí tí wọ́n fi dá irú owó yìí sílẹ̀ gan-an ló jẹ́ kí àṣìṣe yìí burú. Ní 1985, ìgbìmọ̀ tí Walter Bodmer ṣe alága rẹ̀ fún Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Britain, sọ pé ojúṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni láti ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún aráàlú. Ní 2006, ẹgbẹ́ kan náà béèrè lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì 1,485 ohun tó ń dá wọn dúró. 64 nínú ọgọ́rùn-ún ní àkókò ni kò sí, ìwádìí ti gba gbogbo rẹ̀. Ẹnìkan nínú márùn-ún tilẹ̀ ní àwọn ẹlẹgbẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ka ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí. Lẹ́yìn èyí ni ìgbìmọ̀ tó ń pín owó fún yunifásítì, àwọn ìgbìmọ̀ ìwádìí àti Wellcome Trust jọ kó £9.2 mílíọ̀nù sílẹ̀ fún ètò Beacons tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, ibùdó mẹ́fà káàkiri Britain, pẹ̀lú ọ́fíìsì kan ní Bristol tó ń so wọ́n pọ̀. Ipa ètò yẹn ni ọ̀pọ̀ àpò owó kékeré tó wà lónìí ń tọ̀. Nítorí ẹni tí kò ráyè, ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kò fẹ́, ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn kó máa bá àwọn ọmọ iléèwé ṣeré sáyẹ́ǹsì á lọ, bówó wà, bí kò sí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ léèrè bóyá ètò náà ń ṣiṣẹ́, kí ni ìdáhùn rẹ̀ fẹ́ fi hàn?

Ọ̀rọ̀ máàkì tún wá dá kún un. Nígbà tí ìgbéléwọ̀n ìwádìí tí wọ́n ń pè ní REF fi 20 nínú ọgọ́rùn-ún máàkì sórí ipa tí ìwádìí ń kó láwùjọ ní 2014, tó sì sọ ọ́ di 25 ní 2021, ojú tí àwọn aláṣẹ fi ń wo owó yìí yí padà. Ẹ̀rí tí wọ́n máa kó sínú fáìlì ni wọ́n ń wá báyìí, ẹni tó yege ló sì ní in.

Ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù tí wọn kò fún lówó ní ọ̀rọ̀ tí ẹni tó gbà kò lè sọ. Ṣé ó ṣe iṣẹ́ náà láìsí owó? Bó bá ṣe é, a jẹ́ pé àìsówó kọ́ ló ń dí i lọ́wọ́. Bó bá pa á tì, ta ló ń dúró dè é níta? Ṣé ẹnikẹ́ni tilẹ̀ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún un, àbí lẹ́tà ìlà mẹ́ta pé ẹni tó tọrọ owó pọ̀ lọ́dún yìí ni wọ́n fi ránṣẹ́? Àwọn kan tún wà lẹ́yìn tirẹ̀, àwọn tó ṣí fọ́ọ̀mù náà tí wọ́n sì pa á dé. Olùwádìí tí àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ kù díẹ̀ kó parí kò lè bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ní kó fi owó ara rẹ̀ háyà gbọ̀ngàn, kó wá fi rìsíìtì gba owó náà padà, lè máà ní èyí tó máa kọ́kọ́ yọ sílẹ̀. Ìjábọ̀ ẹni tó yege kò lè sọ èyí, torí ẹni tó ní owó lọ́wọ́ kò rò ó sí ìṣòro.

Níta yunifásítì ni ọ̀rọ̀ náà tún ti le jù. Ká ní olùwádìí kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí àìsàn sickle cell fẹ́ bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá kan ní Peckham, ní London. Ìyá Ìjọ á bá a kó èèyàn jọ, á máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún àwọn àgbàlagbà, á tún rí sí oúnjẹ. Bó bá wá di ọ̀rọ̀ owó, yunifásítì á ní kó kọ́kọ́ forúkọ ìjọ sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kó fi ìwé báǹkì ránṣẹ́, kó kọ ìnfọ́ìsì, kó sì máa retí. Nínú ìwádìí ìlera, àjọ NIHR ti là á sílẹ̀ pé £25 ló yẹ kí wọ́n san fún wákàtí kan tí aráàlú bá fi kópa. Ó tún kìlọ̀ pé owó bẹ́ẹ̀ lè ṣàkóbá fún ẹni tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Mélòó nínú fọ́ọ̀mù tí àwọn tó ń pín owó náà fọwọ́ sí ló ya owó Ìyá Ìjọ sọ́tọ̀, mélòó ló sì jẹ́ pé owó ìpápánu nìkan ló kàn án? Akẹ́kọ̀ọ́ lè kà á tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ohun tó tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ wà nínú fọ́ọ̀mù kan náà, ìyẹn ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ bá Ìyá Ìjọ sọ̀rọ̀. Ṣé kí wọ́n tó tọrọ owó ni, àbí lẹ́yìn tí owó ti jáde? Sherry Arnstein, ará Amẹ́ríkà, ti to àkàsọ̀ onípele mẹ́jọ sílẹ̀ ní 1969 láti fi wọn agbára tí aráàlú ní nínú ètò tí wọ́n ní ó wà fún wọn. Ìjọ tí wọ́n wá bá lẹ́yìn tí owó ti jáde kò sábà ga ju ìpele kẹrin lọ, níbi tí wọ́n ti ń béèrè èrò ẹni láìṣèlérí pé wọ́n máa lò ó. Àjùmọ̀ṣe ni fọ́ọ̀mù máa ń pè é.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ yìí ju akẹ́kọ̀ọ́ lọ, kí wọ́n gba ọ̀jáfáfá láti ìta. Owó onítọ̀hún lè gbé gbogbo èyí tí wọ́n fẹ́ pín lọ́dún kan mì. Magenta Book pàápàá, ìwé ìlànà àyẹ̀wò tí iléeṣẹ́ ìṣúná Britain tún ṣe ní 2020, ní kí àyẹ̀wò bá ìwọ̀n ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò mu. Akẹ́kọ̀ọ́ sì mọ bó ṣe ń rí láti fi owó táṣẹ́rẹ́ gbé ìlú ńlá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì sọ ohun tí wọn kò jẹ́ sọ lójú ọ̀gá fún un. Lóòótọ́, ẹni tó lè tọrọ owó náà lọ́dún tó ń bọ̀ ni wọ́n ní kó dá ètò lẹ́jọ́ lónìí, àtakò yẹn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kí ẹni tí kì í ṣe ará ọ́fíìsì yẹn máa darí iṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì ti fẹnu kò kó tó bẹ̀rẹ̀ pé bó bá ṣe kọ ìjábọ̀ rẹ̀ ni wọ́n á ṣe gbé e jáde. Kí wọ́n sì sanwó fún un. Kò bójú mu kí ẹni tí kò gba kọ́bọ̀ máa wádìí bóyá wọ́n sanwó fún ẹlòmíràn.

Oṣù mẹ́ta kò tó láti mọ̀ bóyá ìwádìí kan ti tún ayé ará Peckham ṣe. Aláṣẹ tó bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ dáhùn ìbéèrè yẹn ń fẹ́ kó purọ́ fún òun ni. Ó tó láti mọ ẹni tó wọlé, ẹni tí ilẹ̀kùn tì mọ́ta, àti ohun tó tì í.

Àwọn ọ́fíìsì kan á ní òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni èèyàn kò jẹ́ kí àwọn gbé orúkọ àwọn tí kò rí owó gbà fún ẹni tó wá kọ́ṣẹ́. Ìlà kan péré lórí fọ́ọ̀mù tó láti yanjú ìyẹn: kí ẹni tó ń kọ ọ́ fàmì sí i bóyá òun gbà kí wọ́n kàn sí òun nígbà àyẹ̀wò, yálà ó rí owó gbà tàbí kò rí. Kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún àwọn alábàáṣe níta, kí nọ́ńbà fóònù wọn sì wà níbẹ̀, torí Ìyá Ìjọ lè máà ráyè ka í-meèlì. Bí ìlà yẹn kò bá sí lórí fọ́ọ̀mù tọdún yìí, àwọn tó gba owó nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dé lọ́dún mẹ́ta sí i máa rí bá sọ̀rọ̀.