Ta Ní Ń Kọ́ Ọmọ Wa Ní Ìrọ̀lẹ́?

Ní ọdún 1955, nígbà tí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà lábẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ta ní ń kọ́ ọmọ wa lẹ́yìn tí agogo ilé-ẹ̀kọ́ bá lù tán? Ìwádìí tí a gbé jáde ní 2019 fi hàn pé ènìyàn 33 nínú 100 ní Ìpínlẹ̀ Èkó, láti ọmọ ọdún 15 dé 64, ni ó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Ìjọba fi òfin de oògùn ikọ́ oníkodíìnì ní 2018. Ṣùgbọ́n òfin kò lè bá ọmọ ṣeré.

Ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀, ẹ ṣí pápá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ títí di àṣálẹ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ mọ ẹni tí ọmọ yín ń bá rìn. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.