Ọ̀nà Ló Jìn, Ọmọ Oko Náà Ní Baba: Ẹ Fi Owó Ọkọ̀ Ọmọ Ilé-ìwé Sínú Ètò Ìnáwó Commune



Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo mú wá lónìí, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní TD tàbí répétition. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ọmọ CM2 tó fẹ́ ṣe CEP, ọmọ troisième tó ń múra BEPC, olùkọ́ á dá wọn dúró lẹ́yìn aago márùn-ún, á tún ìṣirò ṣe pẹ̀lú wọn, á tún dictée kà fún wọn. Ibẹ̀ ni ọmọ tí ọ̀rọ̀ ò yé lọ́sàn-án ti máa ń rí ojútùú rẹ̀. Ìbéèrè mi ò gùn: bí ẹ̀kọ́ yìí bá parí, ta ló ń mú ọmọ tí ilé rẹ̀ jìnnà padà sílé? Kò sẹ́nì kankan. Nítorí náà, ọmọ ọ̀hún kì í dúró. Ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ti wá di ti ọmọ ẹ̀bá ilé-ìwé nìkan.

Ẹ wo bí ilẹ̀ wa ṣe rí. Commune Ṣábẹ̀ẹ́ fẹ̀ ju 2,200 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. Nígbà ìkànìyàn 2013, nǹkan bí 87,000 ènìyàn ló wà nínú gbogbo rẹ̀. Àjàṣẹ́ ní bíi 264,000 lọ́dún kan náà, lórí ilẹ̀ tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ti Ṣábẹ̀ẹ́. Láti Kaboua dé Okpara, láti Bessé dé Ofè, ìdílé mẹ́ta níhìn-ín, ìdílé márùn-ún lọ́hùn-ún, láàárín oko iṣu àti oko kajú. Ní ìhà Kétu náà, lọ́nà Idigny àti Adakplamè, bákan náà lọ̀rọ̀ rí. Ilé-ìwé kan ló ń gba ọmọ ahéré púpọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo aago. Bí ilé-ìwé bá jáde ní aago márùn-ún, tí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ sì gba wákàtí kan ààbọ̀, aago mẹ́fà ààbọ̀ ti lù. Ní oṣù kọkànlá àti ìkejìlá, ìgbà náà gan-an ni oòrùn ń wọ̀. Ọmọ tí ilé rẹ̀ jìnnà tó kìlómítà mẹ́fà á tún fẹsẹ̀ rìn fún bíi wákàtí kan ààbọ̀ nínú òkùnkùn. Aago mẹ́jọ ni yóò wọlé, ebi á ti pa á, oorun á ti kùn ún. Bó bá jẹ́ obìnrin, iṣẹ́ ilé ṣì ń dúró dè é. Bàbá wo ló máa rí èyí tí kò ní sọ pé "Má dúró mọ́, máa bọ̀ nílé"? Èmi ò lè bá bàbá bẹ́ẹ̀ wí.

Ọmọbìnrin ló sì ń kọ́kọ́ fi í sílẹ̀. Ìjọba mú owó ilé-ìwé kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2006, lẹ́yìn náà ó mú un kúrò fún àwọn ọmọbìnrin ní ìpele kìíní CEG. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n pé a ò gba owó lọ́wọ́ ọmọ kò mú un dé ilé lálẹ́. Àwọn òbí mìíràn á gba yàrá fún ọmọ ọdún mẹ́tàlá nítòsí CEG. Á máa dá dáná, á máa dá sùn, kò sí àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde, ojú wa ló ń ṣe: oyún dé, ìwé parí.

Láti 2017 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ ètò oúnjẹ ilé-ìwé tí wọ́n ń pè ní PNASI. Wọ́n ti gbà pé ọmọ tí ebi ń pa kò lè kàwé, pé oúnjẹ ọ̀sán wà lára ẹ̀kọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń sọ kò ju pé bí oúnjẹ ti wà lára ẹ̀kọ́, ọ̀nà ilé náà wà lára rẹ̀.

Kí ló dé tí owó rẹ̀ kò fi sí? Mo ti ṣiṣẹ́ ìjọba pẹ́, mo mọ bí ìwé ìnáwó ṣe ń rìn. Owó tí ìjọba ń fi ránṣẹ́ sí commune, FADeC láyé àná, FIC lónìí, ohun tí a ó kọ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà fún: kíláàsì, ilé ìwòsàn, ọjà. Epo ọkọ̀ kì í ṣe ohun kíkọ́, ìnáwó ojoojúmọ́ ni. Ẹ̀yìn èyí, a máa ń ṣí kíláàsì tuntun pẹ̀lú ìlù àti fọ́tò. Ta ló máa ń ṣí epo bẹntiróòlù? Nítorí náà, inú owó tí commune fúnra rẹ̀ ń pa ni owó yìí ti gbọ́dọ̀ jáde. Commune ń gba owó ní ọjà, ó ń gba owó ní ibùdókọ̀. Kí díẹ̀ nínú owó tó ti ọ̀dọ̀ ọlọ́kọ̀ wá padà di ẹsẹ̀ fún ọmọ ilé-ìwé, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?

Àwọn kan á ní kí òbí máa san owó zémidjan. Láti oṣù karùn-ún 2023 tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ epo, kpayo ti gbówó lórí, owó zem sì bá a gòkè. Àgbẹ̀ tó ń dúró de ìkórè kò lè rí i san ní alaalẹ́. Àwọn mìíràn á ní àwọn ọmọ náà kéré níye, owó á pọ̀ jù. Ẹ mú bíírò, ká ṣírò. Ká sọ pé ọmọ 24 ló ń gbé lọ́nà jíjìn ní ilé-ìwé kan, ká sì san 250 F lórí ọmọ kan fún ìrìn àjò ilé nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. 6,000 F nìyẹn lálẹ́ ọjọ́ kan. Bó bá jẹ́ alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 25, ó di 450,000 F lọ́dún. Ilé-ìwé mẹ́wàá á gba 4,500,000 F. Ẹ fi wé ilé oníkíláàsì mẹ́ta kan ṣoṣo, tí owó rẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ dáadáa. A ò sọ pé ká má kọ́lé mọ́. Ṣùgbọ́n kíláàsì tí ọmọ kò lè dúró nínú rẹ̀, ògiri lásán ni.

Bí a ṣe lè ṣe é nìyí. Ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kíláàsì ìdánwò nìkan, CM2 àti troisième. Ká má wá bọ́ọ̀sì ńlá tí ọ̀nà oko máa fọ́. Ọlọ́kẹ̀kẹ́ tí abúlé mọ̀, tí òbí mọ ilé rẹ̀, ni ká bá kọ ìwé àdéhùn. Kí directeur máa kọ orúkọ ọmọ tó wọkọ̀ lálaalẹ́, kí ìyá ọmọ kan nínú ẹgbẹ́ òbí máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí commune tó sanwó lópin oṣù. Ní ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, níbi tí ilẹ̀ dúdú ti ń mú ẹsẹ̀ àti táyà mọ́lẹ̀ nígbà òjò, ọkọ̀ ò ní lè dé ibòmíràn. Kí a fún olùkọ́ lówó ìrìnnà níbẹ̀, kó lọ bá àwọn ọmọ lábúlé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó sùn síbẹ̀ bó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ wa ló kù sí. Láti ìgbà tí òfin oṣù kejìlá 2021 ti jáde, secrétaire exécutif ló ń fọwọ́ sí ìnáwó commune, kì í ṣe maire mọ́. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ commune ló ń dìbò lórí ètò ìnáwó. Ẹ má kàn lọ kí maire nílé kí ẹ sì padà. Kí ẹgbẹ́ òbí àti olóyè abúlé kọ lẹ́tà kan, kí ẹ fi orúkọ ọmọ àti iye kìlómítà sí i, kí ẹ fún maire, kí ẹ fún secrétaire exécutif, kí ẹ gba àmì pé ó dé ọwọ́ wọn. Kí ó dé kí wọ́n tó jókòó lórí ètò ìnáwó, torí lẹ́yìn ìyẹn, "ẹ dúró di ọdún tó ń bọ̀" ni wọ́n máa sọ. Lọ́jọ́ ìjókòó, ẹ lọ jókòó tì wọ́n, ìpàdé náà kì í ṣe ti awo.

Àwọn baba wa ní ọ̀nà ló jìn, ẹrú náà ní baba. Ọmọ ahéré kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni, ó sì ní baba. Kí baba rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́dún yìí, kí àwa tó kù dúró tì í.