Irun Ara Kì Í Ṣe Ìdọ̀tí: Ta Ló Ní Kí Ẹ Máa Rọ Ṣúgà Gbígbóná Sí Abíyá?

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń gbé mi lọ́kàn. Mo kọ́kọ́ fẹ́ gbé e mì, nítorí ọ̀rọ̀ irun abíyá àti irun abẹ́ kì í ṣe ohun tí àgbàlagbà ń gbé síta gbangba. Ṣùgbọ́n ìtìjú yìí gan-an ni ó ń jẹ́ kí iná máa jó àwọn ọmọ wa nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. N óò sọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má wo bó ṣe korò tó.

Ẹni tó bá ń rin ọ̀nà oko àti ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká, láti Mọ́níyà ní Akínyẹlé títí dé Lálúpọn ní Lágelú, láti Ẹgbẹ́dá dé Àkànràn ní Ọ̀nà-Àrà, yóò ti rí i pé fóònù ti dé ibi tí omi ẹ̀rọ kò tíì dé. Inú fóònù yìí ni àwọn ọmọbìnrin wa ti ń kọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní wax, èyí tí a fi ń fa irun ara tu nílé. Ẹ̀kọ́ náà kò le. Wọ́n á da ṣúgà sínú ìkòkò, wọ́n á fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n á bu omi díẹ̀ lé e, wọ́n á gbé e kaná títí yóò fi pọ́n bí oyin tí yóò sì máa fà. Wọ́n á wá fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ́ ẹ sí awọ ara, wọ́n á tẹ àkísà mímọ́ mọ́ ọn, wọ́n á sì fà á ya lẹ́ẹ̀kan náà. Irun á bá a jáde tòun ti gbòǹgbò. Nínú fídíò, ẹni tó ń ṣe é máa ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, abúlé kan tí kò jìnnà sí Àkànràn ni wọ́n ń gbé. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ṣe ìgbéyàwó, aṣọ tí wọ́n sì rán fún àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó kò lápá. Ó se ṣúgà lórí sítóòfù kẹrosíìnì, kò ní sùúrù kí ó tutù, ó rọ ọ́ sí abíyá ọ̀tún. Nígbà tí mo débẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ẹyin tútù àti ọṣẹ ìfọyín ni wọ́n fi kun ojú ibẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi abẹ fá a bí a ti ń fá a láti ọjọ́ yìí wá. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú mà. Wọ́n ní abẹ máa ń jẹ́ kí abíyá dúdú kí irun sì le sí i. Wọ́n ní ẹni tí ò bá ṣe wax, ará oko ni." Ará oko! Ọmọ tó jẹ́ pé owó ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi rán an níléèwé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí fídíò kì í sọ. Omi tó ń hó lórí iná kì í gbóná kọjá ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ṣúgà tí a sè títí tó fi ń fà ti kọjá ibẹ̀, ó ń sún mọ́ 120. Bẹ́ẹ̀ omi tó gbóná dé 60 péré lè jó awọ ara wọnú láàárín ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Gbígbóná nìkan kọ́ sì ni wàhálà rẹ̀. Omi máa ń ṣàn kúrò lára, ṣùgbọ́n ṣe ni ṣúgà máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, ọwọ́ tí ènìyàn bá fi fẹ́ nù ún kúrò náà á sì jó. Àwọn ìyá tí ń se baba dúdú tà mọ èyí dáadáa. Ọmọorogùn gígùn ni wọ́n fi ń rò ó, wọ́n sì máa ń lé ọmọdé kúrò nídìí iná. Ohun tí a ń lé ọmọ sá fún nídìí ààrò lọ́sàn-án, òun náà ni ọmọ ń gbé wọ yàrá lálẹ́, tó ń rọ sí abẹ́ ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pé abẹ ń mú kí irun le, irọ́ àtayébáyé ni. Ní ọdún 1928 ni onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Mildred Trotter, ti tẹ àbájáde ìwádìí jáde lórí irùngbọ̀n àwọn ọkùnrin tí ń fá a déédéé. Kò rí i pé fífá mú irun nípọn tàbí kí ó yára hù. Ohun tó ń tan wá jẹ ni pé irun tí abẹ gé ní ẹnu, ẹnu náà sì máa ń gún ọwọ́ tí ó bá ń hù padà.

Ti dúdú ńkọ́? Irun tiwa ká. Bí a bá fà á tu, tí òmíràn fẹ́ yọ, ó lè má rí ọ̀nà jáde, kí ó ká padà sínú awọ, kí ibẹ̀ wú, kí ó gba ọyún, kí ó sì fi ojú dúdú sílẹ̀. N kò ní purọ́, abẹ náà lè fa irú èyí. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún ọmọ pé wax kò ní ojú dúdú nínú, nígbà tó jẹ́ pé ibi tí iná bá jó lára aláwọ̀ dúdú máa ń dúdú fún oṣù púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àpá tó ń ga sókè tó sì ń fẹ̀ kọjá ojú ọgbẹ́, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní keloid, wọ́pọ̀ lára wa ju lára òyìnbó lọ. Àwọn tó wá ń fi ìpara bóra ni ẹ̀rù wọn ń bà mí jù. Ìpara wọ̀nyẹn ti sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá lẹ wax mọ́ ọn tí wọ́n fà á, irun nìkan kọ́ ni yóò tẹ̀ lé e.

Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan tó lágbára. Wọ́n ní abẹ tí ènìyàn méjì bá jọ lò lè kó kòkòrò HIV tàbí àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B ran ara wọn. Òótọ́ ni, n kò sì jẹ́ já wọn nírọ́. Àwa tí a dàgbà lábúlé rí onígbàjámọ̀ tó fi abẹ kan fá orí gbogbo ọmọ agbo ilé. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní abẹ tirẹ̀ ni ojútùú sí ìyẹn, owó rẹ̀ kò sì tó owó ṣúgà tí wọ́n ń sè dànù. Ẹ sì lọ wo ìsọ̀ àwọn onídìrí kan tó ti fi wax kún iṣẹ́. Ìkòkò kan ni fún gbogbo oníbàárà. Igi tí wọ́n fi pa abẹ́ ẹni àkọ́kọ́ ni wọ́n tún ń tì bọ inú rẹ̀ fún ẹni kejì. Ti alẹ́ àná ni wọ́n ń yọ́ láàárọ̀ òní, tòun ti irun tó wà nínú rẹ̀, àti ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú nígbà mìíràn. Ẹni tó sá fún abẹ nítorí àrùn, kí ló wá lọ bá níbẹ̀?

Ṣùgbọ́n gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú ìkòkò. Inú ẹnu wa ló wà. Ta ló sọ fún ọmọbìnrin pé irun tí Ọlọ́run fi sí i lára, ìdọ̀tí ni? Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo gbọ́ tí àwọn ìyá àgbà ń yin obìnrin onírun lẹ́sẹ̀, wọ́n ní ọlá ń bẹ lára rẹ̀. Lónìí, ọkùnrin tí irun bo àyà rẹ̀ bí igbó ni yóò dúró lójúde, tí yóò máa sọ pé abíyá ìyàwó òun ń kó òun nírìíra.

Ìtìjú yìí ní ọjọ́ ìbí. Ní ọdún 1915, nígbà tí aṣọ tí kò lápá ń di oge ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Gillette tó ń ṣe abẹ fún irùngbọ̀n ọkùnrin gbé ọ̀kan jáde fún obìnrin, wọ́n pè é ní Milady Décolletée. Ìpolówó wọn ló ń kọ́ obìnrin pé irun abíyá kò bójú mu. Ọjà ni wọ́n ń wá. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1930, àwọn obìnrin ibẹ̀ ti ń kun ìpara kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Koremlu kí irun ara lè re. Thallium, májèlé tí wọ́n fi ń pa eku, ló wà nínú rẹ̀. Ojú àwọn kan fọ́, ẹsẹ̀ àwọn kan rọ. Irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó mú kí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin lórí ìpara àti àtíkè ní ọdún 1938. Láti ọdún 1993 ni a ti ní NAFDAC tiwa. Síbẹ̀, ẹ wo ike àti ọ̀rá wax tí wọ́n ń tà lọ́jà wa, ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC lára wọn, kí ẹ sì sọ fún mi iye tó ní i.

Bí irun abẹ́ bá jẹ́ ìdọ̀tí, ṣé kò yẹ kí àwọn agbẹ̀bí ni yóò kọ́kọ́ mọ̀? Ní ọdún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe máa fá irun abẹ́ aláboyún gẹ́gẹ́ bí àṣà kí ó tó bí. Fún iṣẹ́ abẹ náà, ọdún méjì ṣáájú ni wọ́n ti sọ pé kí a fi irun sílẹ̀, tàbí bí ó bá di dandan, kí a fi ẹ̀rọ gé e, kí a má fi abẹ fá a.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí yóò ní ẹ̀sìn pàṣẹ ìmọ́tótó yìí, pé irun abíyá àti ti abẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá ogójì ọjọ́. N kò bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ yín kan náà ló sọ pé Imáàmù Ṣáfíì máa ń jẹ́ kí wọ́n fá irun abíyá òun ni, ó ní òun mọ̀ pé fífà tu ni sunnah, òun kò kàn lè fara da ìrora rẹ̀ ni. Bí Imáàmù bá lè sọ pé ó dun òun, kí ló dé tí ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kò lè sọ ọ́?

Ẹni tó bá fẹ́ yọ irun, kí ó fi sísọ́ọ̀sì gé e mọ́lẹ̀, tàbí kí ó fi ọṣẹ àti abẹ tuntun, tirẹ̀ nìkan, fá a. Ẹni tí kò fẹ́, kí ó fọ̀ ọ́ kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Obìnrin tí irun ṣàdédé ń hù lágbọ̀n rẹ̀, tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò sì wá déédéé, dókítà ni kí ó lọ rí, nítorí ó lè jẹ́ àìsàn ni irun náà ń sọ. Bí iná bá sì ti jó ènìyàn, omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ dà sí i fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ fi ẹyin sílẹ̀ fún ọbẹ̀.

Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo dárúkọ ní òṣìṣẹ́ ìlera lábẹ́ wọn. Kí wọ́n wọ ìsọ̀ àwọn onídìrí. Kí wọ́n wo ìkòkò, kí wọ́n bi oníṣẹ́ pé níbo ni ó ti kọ́ ọ. Bí ó bá ní inú fóònù ni, kí wọ́n dá a dúró.

Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, ìborùn ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi bo èjìká, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jó. Ojú egbò náà ti jinná báyìí, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ fa awọ mọ́ra, apá ọ̀tún kò sì gbéra tán sókè mọ́. Mo yà bẹ̀ wọ́n wò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún méjìlá, ló ń bá a ru omi láti kànga. Fídíò yẹn ṣì wà lórí fóònù.