Bó Ṣe Rí Lọ́wọ́, Bó Ṣe Rí Lẹ́nu

Ẹni tó bá mọ iyán gún kì í fi ojú nìkan mọ̀ pé iyán ti dé ibi tó yẹ kó dé. Etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbọ́. Nígbà tí iṣu ṣì wà ní ègé-ègé nínú odó, ìró ọmọ odó máa ń wúwo: gbì, gbì. Bí iṣu bá ti ń rún, tó ń papọ̀, ìró náà á yí padà, ọmọ odó á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ iyán, apá ẹni tó ń gún un á sì mọ̀ ọ́n lára nígbà tó bá ń fà á sókè. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó ń gún un á fọwọ́ kan omi, á já díẹ̀ níbẹ̀, á sì fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá tẹ̀ ẹ́ wò. Bí kókó kan bá ṣẹ́ kù, bó ti wù kó kéré tó, ìka á bá a pàdé. Á ní, "Kò tíì jọ̀lọ̀," ọmọ odó á sì tún gbéra.

Nínú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, jọ̀lọ̀, ìmọ̀ etí, apá àti ìka pàdé. Òyìnbó ní ọ̀rọ̀-orúkọ kan tó fi ń kó irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ, ìyẹn texture. Wọ́n ń lò ó fún oúnjẹ, fún aṣọ, fún ilẹ̀ oko, fún awọ ara àti fún igi tí wọ́n gbẹ́. Nínú orin, wọ́n ń lò ó fún bí ohùn ṣe ń gorí ara wọn. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìyáàlù, ìṣáájú àti gúdúgúdú pa pọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń wí. Bí olùkọ́ tàbí atúmọ̀ èdè bá wá délé Yorùbá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó sábà máa ń wá ni ọ̀rọ̀-orúkọ kan ṣoṣo tí yóò fi rọ́pò rẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́, torí pé inú ọ̀rọ̀-ìṣe, àti inú ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tó ń tẹ̀ lé e, ni Yorùbá kó ìmọ̀ náà sí.

Ẹ mú ìrísí, tó sábà máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Ti ojú ni ìrísí. Aṣọ méjì lè jọra lójú bí ìbejì, kí ọ̀kan ki, kí èkejì fẹ́lẹ́. Ìhun sún mọ́ ọn ju ìyẹn lọ, ó sì ní ẹ̀tọ́ tí kò ṣeé fi dù ú: inú èdè Látìn ni texture ti wá, láti ara texere, tó túmọ̀ sí kéèyàn hun nǹkan. Orísun kan náà ni text, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀, àti textile, ìyẹn aṣọ. Àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá náà ń sọ̀rọ̀ nípa ìhun gbólóhùn, bí ẹni pé orí òfì ni wọ́n ti rí i. Ó dùn mọ́ni láti rí i pé èdè méjì tó jìnnà síra tó báyìí jọ fi iṣẹ́ ahunṣọ sọ ọ̀rọ̀ ẹnu. Àmọ́ bí wọ́n ṣe to nǹkan ni ìhun ń sọ. Kò sọ bó ṣe rí lára. Kò sí olóúnjẹ kan ní Ìbàdàn tí yóò mọ ohun tí oníbàárà ń fẹ́ bó bá ní kí wọ́n fún òun ní iyán tí ìhun rẹ̀ dára.

Èdè kò fi àyè kankan sílẹ̀ lófìfo níbí. Ó ní, "Báwo ló ṣe rí lọ́wọ́?" Ó ní, "Báwo ló ṣe rí lẹ́nu?" Rírí tí Yorùbá ń wí kọjá ojú: ọwọ́ ń rí, ẹnu ń rí. Ìdáhùn rẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀kan. Òkúta le koko. Ilá ń yọ̀ bọ̀rọ́. Ẹran gbẹ táútáú. Búrẹ́dì tuntun rọ̀ múlọ́múlọ́. Ọ̀nà oko rí gbágungbàgun. Gàrí Ìjẹ̀bú kúná, ó sì kan, torí pé wọ́n máa ń jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ pẹ́ kó tó di pé wọ́n yan án. Bí wọ́n bá bu omi tútù sí i, ó ṣì ń rún lẹ́nu. Ẹ gbìyànjú láti pààrọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ náà fún ara wọn. Kò sẹ́ni tí yóò ní òkúta le múlọ́múlọ́, kí ọmọdé má fi í rẹ́rìn-ín.

Ó ti pẹ́ tí àjèjì ti ṣàkíyèsí èyí. Nígbà tí ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther ṣe jáde ní 1852, Bíṣọ́ọ̀bù Vidal, ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Sàró, ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i. Ohun tó yà á lẹ́nu níbẹ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tí kò lóǹkà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tó ń bá rìn, tí kì í fi í sílẹ̀ tẹ̀ lé òmíràn. Ó lé ní àádọ́sàn-án ọdún báyìí tí wọ́n ti kọ ìyẹn sílẹ̀, síbẹ̀ ojú ohun ọ̀ṣọ́ ni wọ́n ṣì fi ń wo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní ọ̀pọ̀ kíláàsì: ohun tí akéwì ń lò kí ewì lè dùn, tí onísáyẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ yọ kúrò.

Àwọn ará Japan kò yọ tiwọn kúrò. Ní 1963, ní Amẹ́ríkà, Alina Szczesniak, onímọ̀ oúnjẹ tó ń ṣiṣẹ́ ní General Foods, bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀ nípa bí oúnjẹ ṣe ń rí lẹ́nu sí ìpele-ìpele. Nígbà tí òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan bi àwọn èèyàn léèrè, ọ̀rọ̀ 78 ni wọ́n rí kó jọ. Nígbà tí àwọn oníwàádìí Japan ka tiwọn, ó lé ní 400. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ìró tí wọ́n ń pè lẹ́ẹ̀mejì, gẹ́gẹ́ bíi múlọ́múlọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni mochimochi, tí wọ́n ń lò fún ohun tó rọ̀, tó sì ń fà lẹ́nu. Ara mochi ló ti wá, ìrẹsì tí wọ́n sè, tí wọ́n sì gún nínú odó. Àwọn náà ní iyán tiwọn, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n fún oúnjẹ mìíràn. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lára páálí oúnjẹ ní ilé ìtajà wọn, ó sì wà nínú ìwádìí àwọn onímọ̀ wọn.

Nílé Yorùbá, iṣẹ́ ìwádìí náà ń lọ. Yunifásítì Bowen ní Ìwó ti ṣe iṣẹ́ lórí ohun tó ń mú kí iyán dára lẹ́nu ẹni tó ń jẹ ẹ́. Ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń wọ̀n kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ti jókòó ti odó rí: ṣé ó ń fà, ṣé ó ṣeé mọ lókèlè, ṣé ó jọ̀lọ̀, ṣé kò ní kókó? Àwọn àgbà ti mọ̀ pé ewùrà omi rẹ̀ pọ̀, kò sì dára fún iyán, ni wọ́n ṣe ń fi ṣe ìkọ́kọrẹ́ àti òjòjò. Àmọ́ èdè Òyìnbó ni àbọ̀ ìwádìí sábà máa ń bá jáde, àgbẹ̀ tí wọ́n tìtorí iṣu rẹ̀ ṣe é kì í sì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọjà pẹ̀lú. Àgbà kì í ra aṣọ òkè láì fọwọ́ pa á. Á mú etí aṣọ náà sáàárín ìka méjì, á ra á. Sányán àtijọ́, tí wọ́n fi okùn inú ìtẹ́ kòkòrò igbó hun, ki, ó sì wúwo léjìká. Kíjìpá táwọn obìnrin ń hun lórí òfì ìdúró nípọn, kì í tètè gbó. Púpọ̀ nínú aṣọ òkè òde òní fẹ́lẹ́, ó ń dán, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́, torí òwú ilé iṣẹ́ tí wọ́n fi hun ún. Kò sí èyí tí kò ní àyè tirẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé orí fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ra aṣọ báyìí, àwòrán kò sì ní ìka. Ohun tó ń dán ni àwòrán ń gbé jáde. Kì í sọ bóyá ó ki. Oníṣòwò tó bá kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé aṣọ yìí ki, pé kò yọ̀, pé kò ní yún ọrùn, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yá oníbàárà. Èyí tó kọ "original quality" kò tíì sọ nǹkan kan.

Ẹnì kan lè sọ pé ìwé sáyẹ́ǹsì kò lè ṣe kó má ní ọ̀rọ̀-orúkọ tí yóò fi ṣe àkọlé. Òótọ́ ni, èdè sì ti pèsè ìyẹn: líle, rírọ̀, kíki, kíkúná, dídán. Nínú àròkọ tí Robert Farris Thompson, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà, tẹ̀ jáde ní 1973 nípa bí Yorùbá ṣe ń dá iṣẹ́ ọnà lẹ́jọ́, dídán wà lára ohun tí àwọn tó bá sọ̀rọ̀ fi ń mọ ère tó péye. Bí wọ́n bá sì fẹ́ àkọlé tó kó gbogbo rẹ̀ jọ, "Bó ṣe rí lọ́wọ́" kò ní àbùkù kankan. Èyí kò sì ṣàjèjì sí ilé ẹ̀kọ́: láti 1970 ni Babs Fáfúnwá, onímọ̀ ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn ní Ilé-Ifẹ̀ pé ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì.

Ẹ̀kọ́ ilẹ̀ ni ibi tó ti rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀. Bí hóró ilẹ̀ ṣe tóbi tó ni onísáyẹ́ǹsì ń pè ní texture ilẹ̀: hóró amọ̀ kò tó 0.002 mìlímítà, nígbà tí ti yanrìn máa ń wà láàárín 0.05 sí 2, nínú òṣùwọ̀n tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò. Ojú lásán kò lè rí hóró amọ̀ kan, àmọ́ ọwọ́ mọ̀ ọ́n, onímọ̀ ilẹ̀ fúnra rẹ̀ sì máa ń fi omi po ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀ kan nínú oko, á yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ bóyá á gùn tàbí á já. Kí olùkọ́ gbé àwo méjì wá sí kíláàsì, ọ̀kan fún amọ̀, ọ̀kan fún yanrìn, kó di ojú ọmọ, kó sì bi í léèrè. Ọmọ tó bá fi ìka pa èyí àkọ́kọ́, tó ní, "Ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ó jọ̀lọ̀, kò ha mí," ti dáhùn ìbéèrè sáyẹ́ǹsì. Kí wọ́n fún un ní máàkì rẹ̀ pé.